Beaufort, ìlú tí ẹrú ti di onílé

Ní Òpópónà Prince, nílùú Beaufort ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ilé onípákó ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ ṣáájú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn ilé yìí, nínú ahéré àwọn ẹrú, ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Lydia Polite bí ọmọkùnrin kan sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1839. Ìdílé McKee ló ni ilé náà. Àwọn ló ni Lydia, àwọn náà ló sì ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn náà, ọmọ yìí fi owó ara rẹ̀ ra ilé yẹn, ó kó ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ wọ yàrá àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Robert Smalls ni orúkọ rẹ̀.

Beaufort kì í ṣe ìlú ńlá. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 15,000. Orí erékùsù Port Royal ló wà, láàárín Charleston àti Savannah, níbi tí omi òkun ti máa ń gòkè wọ inú irà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí yóò sì tún fà sẹ́yìn. Ọdún 1711 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ dó. Nínú àwọn ìlú ìpínlẹ̀ náà, Charleston nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Bíúfọ́ọ̀tì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹni tó bá pè é ní Bófọ́ọ̀tì, wọ́n á ti mọ̀ pé àlejò ni, tàbí pé Beaufort ti North Carolina ló ń wá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé àwọn olówó ayé àtijọ́ ni ìlú yìí fi ń fa àlejò mọ́ra. Ilé John Mark Verdier wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1804, tí wọ́n sì ti gba ọ̀gágun Lafayette ti ilẹ̀ Faransé lálejò ní 1825. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Helena wà níbẹ̀, tí ìjọ rẹ̀ ti wà láti 1712. Igi óákù ńláńlá bo òpópónà, àwọn onífíìmù sì fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú Forrest Gump. Àwọn tó ń mú àlejò rìn kiri a máa pẹ́ lórí àga àti fìtílà onígíláàsì. Ti àwọn tó la pákó, tó pò yẹ̀pẹ̀, tó sì ń dáná nínú àwọn ilé náà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń fi gbé e kọjá. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé àwọn olówó ló sọ Beaufort di ìlú tí òpìtàn kò lè fò kọjá. Ohun tí àwọn ẹrú ṣe lẹ́yìn tí àwọn olówó sá lọ ni.

Inú oko ni owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn ti wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹ̀lú ni wọ́n ń gbìn tà, ẹ̀lú tí àwọn aláró wa ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni òwú gba ipò rẹ̀. Òwú àwọn erékùsù yìí yàtọ̀: fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó dán, àwọn onílé-iṣẹ́ aṣọ ní Yúróòpù sì ń san owó gọbọi lé e lórí. Lẹ́bàá àwọn odò tó ṣàn wá láti òkè, ìrẹsì ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun Senegal títí dé Sierra Leone ti mọ bí a ti ń darí omi wọ oko ìrẹsì, tí a sì ń tú u jáde, kí Òyìnbó kankan tó kọ́ wọn. Àwọn ará Angola àti Kongo náà pọ̀ láàárín wọn. Ọmọ Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Bahia tàbí Cuba, ó sì nídìí: òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808, kí ogun ilẹ̀ Yorùbá tó gbóná débi tí wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn wa lọ lógunlọ́gọ̀.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ agbègbè náà fúnra rẹ̀ yẹ ká sọ. Tabby ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kó ìkarahun ọ́ísítà jọ, wọ́n á sun díẹ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi di eérú funfun, wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn, omi àti àfọ́kù ìkarahun tó kù, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àpótí pákó kó lè gbẹ, wọ́n á sì gbé àpótí náà gun òkè láti rọ ìpele tó kàn. Iṣẹ́ àwọn ẹrú ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní erékùsù St. Helena, àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n fi tabby kọ́ ní nǹkan bí 1740 ṣì dúró. Iná igbó jó òrùlé rẹ̀ lọ ní 1886, ògiri kò mì. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn yóò rí ìkarahun nínú ògiri náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1861 ni ayé yí padà. Ogun Abẹ́lé kò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ ẹnu omi Port Royal, wọ́n ń yin àgbá lu odi ogun méjì tí àwọn ọmọ ogun Confederate, ìyẹn ti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ṣọ̀tẹ̀, mọ síbẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, odi méjèèjì ti ṣófo. Àwọn Òyìnbó Beaufort kò dúró wo ẹ̀yìn. Wọ́n sá fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi òwú tí wọn kò tíì kó sílẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan bí 10,000 ẹrú sílẹ̀ lórí àwọn erékùsù náà. Àwọn kan gbìyànjú láti kó ẹrú wọn dání; ọ̀pọ̀ ẹrú sá wọ inú irà títí ọ̀gá fi lọ. Ọjọ́ tí àgbá ńlá dún ni àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ń pè é títí di òní.

Kí ni kí ìjọba ṣe sí ènìyàn 10,000 tí olówó wọn ti sá, àmọ́ tí òfin kò tíì pè ní ọmọ òmìnira? Ní Beaufort ni Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí, ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ kí ogun tó parí. Àwọn olùkọ́, dókítà àti oníwàásù wá láti Boston, New York àti Philadelphia. Àwọn tó jẹ́ ẹrú lánàá ń gba owó ọ̀yà lórí òwú. Ní 1862, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bu owó orí lé ilẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀. Ilẹ̀ tí a kò bá san owó orí rẹ̀, ìjọba á gbà á, á sì gbé e sórí gbàǹjo. Àwọn onílẹ̀ Beaufort ti sá, wọn ò lè wá sanwó. Àwọn oníṣòwò láti Àríwá ra púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀ náà dáwó jọ, wọ́n ra éékà mẹ́wàá níbí, éékà ogún lọ́hùn-ún, lórí oko tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ibi gbàǹjo owó orí yìí ni Robert Smalls ti ra ilé ìdílé McKee.

Ibo ló ti rówó? Ìtàn ibẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì dùn.

Nígbà tí Smalls pé ọmọ ọdún 12, ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí Charleston láti máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ọ̀gá. Dọ́là kan lọ́sẹ̀ ló ń kù sí i lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ, ó tan iná ojú pópó, kó tó wá gba etí omi lọ. Ibẹ̀ ló ti mọ gbogbo ojú omi Charleston, ó mọ ibi tó jìn, ó mọ ibi tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Nígbà tí ogun dé, òun ló ń tu Planter, ọkọ̀ onínàá tí àwọn ọmọ ogun Confederate fi ń kó àgbá àti oúnjẹ. Iṣẹ́ atukọ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ fi orúkọ atukọ̀ pe ẹrú.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1862, àwọn ọ̀gá Òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ náà lọ sùn nílé wọn, èyí tó lòdì sí òfin ogun. Smalls àti àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ dá iná sí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yà sí èbúté kan láti gbé ìyàwó rẹ̀ Hannah, àwọn ọmọ àti ìdílé àwọn yòókù, tí wọ́n ti sá pamọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Smalls gbé fìlà koríko ọ̀gá ọkọ̀ wọ̀, ó káwọ́ gbera bí ọ̀gá náà ti máa ń ṣe. Ìlú Charleston kún fún odi ogun, ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fọn fèrè bó ṣe yẹ. Smalls mọ ìfèrè kọ̀ọ̀kan. Ó fọn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé Fort Sumter, tí àgbá rẹ̀ lè fọ́ ọkọ̀ náà túútúú. Ẹ̀ṣọ́ odi náà dáhùn pé kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí ojú mọ́, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rí i pé ọkọ̀ ń dorí kọ ọ̀nà òkun, ó ti kọjá ibi tí ọta lè dé. Wọ́n ta aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun sókè kí ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ má bàa yìnbọn lù wọ́n, wọ́n sì fa Planter lé wọn lọ́wọ́ tòun ti àgbá inú rẹ̀.

Ọmọ ọdún 23 ni Smalls. Ìjọba fún un ní 1,500 dọ́là nínú iye owó ọkọ̀ náà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó wà lára àwọn tó lọ sí Washington láti bẹ ìjọba Ààrẹ Lincoln pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin dúdú gbé ìbọn, kò sì pẹ́ tí àṣẹ jáde pé kí wọ́n gba 5,000 wọlé lágbègbè Beaufort.

Ilé tó rà kò fún un ní ìsinmi kíákíá. Òyìnbó kan tó ní òun ló ra ilé náà lọ́wọ́ McKee, DeTreville, pè é lẹ́jọ́ pé gbàǹjo owó orí kò bófin mu. Ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, Smalls sì jàre ní 1878. Ọ̀rọ̀ náà ju ti ilé kan lọ. Bí ó bá jẹ̀bi ni, gbogbo àwọn aláìní tó ra éékà mẹ́wàá mẹ́wàá ní erékùsù St. Helena ì bá ti pàdánù tiwọn. Ìtàn mìíràn tún wà tí ìdílé rẹ̀ ń pa: pé ìyá ìdílé McKee, nígbà tí ó darúgbó tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé mọ́, ṣìnà padà wá sílé náà, ó rò pé tòun ni síbẹ̀, Smalls sì jẹ́ kó máa gbé yàrá rẹ̀ àtijọ́.

Lára àwọn tó kọ òfin ìpínlẹ̀ South Carolina ní 1868 ni Smalls wà, òun ló sì jà pé kí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ọmọ, dúdú àti funfun. Láti 1875, ó lọ Ilé Aṣojú ní Washington fún sáà bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti ń yí. Ní 1895, olóṣèlú Ben Tillman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pe àpérò láti kọ òfin tuntun tí yóò gba ìbò lọ́wọ́ àwọn dúdú. Aṣojú dúdú mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì ti àgbègbè Beaufort wá. Smalls kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n fi lélẹ̀ láìsí tirẹ̀. Inú ilé Òpópónà Prince ló kú sí ní 1915, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Tabernacle Baptist ni wọ́n sì sin ín sí, àárín ìlú gan-an.

Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ère Harriet Tubman wà níbẹ̀. Idẹ ni, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá. Ed Dwight ló ṣe é, ọmọ ogun òfurufú tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ àwọn tó ń lọ sójú òfurufú nígbà ìjọba Ààrẹ Kennedy, tí wọn ò sì mú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n tó ṣí ère yìí ni ọkọ̀ Blue Origin gbé e dé ojú òfurufú lókè lọ́hùn-ún, nígbà tí ó pé ẹni 90 ọdún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Tubman sí obìnrin tó ń kó àwọn ẹrú sá láti Maryland lọ sí Àríwá. Àwọn tó mọ̀ pé ó gbé Beaufort kò pọ̀. Ó dé ibẹ̀ ní 1862, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé ó ń gba oúnjẹ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ológun, tí ìyẹn ń dá ìlara sílẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Alẹ́ ló ń yan páì àti àkàrà òyìnbó alátalẹ̀ tí wọ́n ń bá a tà kiri láàárọ̀. Owó tí ìjọba fún un, ilé ìfọṣọ ló fi kọ́ kí àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú oko ẹrú lè máa fọṣọ fún ọmọ ogun gbowó. Lábẹ́ gbogbo èyí, ó tún jẹ́ amí. Àwọn atukọ̀ dúdú sọ ibi tí wọ́n ri bọ́ǹbù sí nínú odò Combahee fún un. Ní òru ọjọ́ 1 mọ́jú ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1863, òun àti Ọ̀gágun James Montgomery gba Beaufort gòkè odò náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun dúdú, wọ́n dáná sun àká ìrẹsì, wọ́n sì kó ènìyàn tó lé ní 700 kúrò lóko ẹrú lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn obìnrin ń sáré bọ̀ tòun ti ìkòkò ìrẹsì tó ṣì ń hó lórí, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Afárá tó gba orí odò náà kọjá lójú ọ̀nà US 17 ń jẹ́ orúkọ Tubman lónìí.

Kí Combahee tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti péjọ sábẹ́ igi óákù ní Camp Saxton, ní Port Royal tó múlé gbe Beaufort. Oko ẹrú ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àgọ́ ọmọ ogun dúdú ló dà. Dókítà William Brisbane, ọmọ South Carolina tó ti dá ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ka Ìkéde Òmìnira Lincoln sí etígbọ̀ọ́ wọn. Bí wọ́n ti ń fa àsíá lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, bàbá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìlú, obìnrin méjì bá a gbè é, gbogbo àwùjọ sì dà á. Ọ̀gágun Higginson, olórí àwọn ọmọ ogun náà, tó wà lórí pèpéle, sọ fún àwọn Òyìnbó pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó lorin kọ ọ́ tán.

Ní erékùsù St. Helena, tí afárá so mọ́ Beaufort, Penn School ni ká lọ wò. Laura Towne wá láti Philadelphia ní 1862, Ellen Murray tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé nínú yàrá kan ní ilé oko. Charlotte Forten, ọmọbìnrin dúdú tí a bí sí òmìnira ní Philadelphia, dára pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó di oṣù Kẹwàá. Nígbà tí yàrá kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n kó lọ sí Brick Baptist Church. Ẹrú ló fi bíríkì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1855 fún àwọn ọ̀gá wọn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì ń jókòó sí. Lẹ́yìn tí àgbá ńlá dún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìjọ náà ṣì ń pàdé níbẹ̀ lọ́jọọjọ́ Àìkú.

Towne kò padà sílé. Ó kú sí erékùsù náà ní 1901, lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ oko pẹ̀lú ìwé títí di 1948, ó sì wá di ibùdó ìrànwọ́ àwọn ará erékùsù. Nígbà ìjà ẹ̀tọ́ aráàlú ní ọdún 1960 sí 1969, Penn wà lára ìwọ̀nba ibi ní Gúúsù tí dúdú àti funfun ti lè sùn sí abẹ́ òrùlé kan láti ṣèpàdé. Martin Luther King Kékeré àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá síbẹ̀ láti pète. Ilé kékeré tó ń dé sí, Gantt Cottage, ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn Gullah, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú wọ̀nyẹn, ló ni erékùsù yìí. Nítorí pé afárá kò sí fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, oúnjẹ ìrẹsì wọn, agbọ̀n tí wọ́n fi koríko hun àti àwọ̀n ẹja wọn kò parẹ́. Ilé àdúrà kékeré mẹ́ta ló kù ní St. Helena nínú àwọn tí ẹrú kọ́ sí oko kọ̀ọ̀kan, títóbi wọn kò ju yàrá kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń jó yípo pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ tí kì í gbé kúrò nílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Lorenzo Dow Turner wá sí àwọn erékùsù yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1939, ó sì lọ kọ́ èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, ní London kó lè mọ ohun tó gbọ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1949. Àwọn tó ti ń pe Gullah ní Gẹ̀ẹ́sì bíbàjẹ́ rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ àti orúkọ Áfíríkà nínú rẹ̀, ti Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Yorùbá tó wà lágbègbè Beaufort lónìí kò ti ọ̀nà oko ẹrú ibẹ̀ wá ṣá o. Ní Sheldon, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà US 17 kan náà, ni Ọ̀yọ́túnjí wà. Ọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970, Detroit ni wọ́n ti bí i ní 1928, Walter Eugene King ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas, ní Cuba, ní 1959, ó dá tẹ́ńpìlì sílẹ̀ ní Harlem, ó sì wá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sínú igbó South Carolina. Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi Kìíní ni wọ́n ń pè é. Ní 1981, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé fi àṣẹ Ilé-Ifẹ̀ sí oyè rẹ̀. Nígbà tó gbilẹ̀ jù, nǹkan bí 200 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ti dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ojúbọ Ọ̀ṣun, Ògún àti Ṣàngó wà níbẹ̀, ọdún òrìṣà ń wáyé, pátákó ẹnu ọ̀nà sì ń sọ fún àlejò pé ó ti kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ti wọ ìlú Yorùbá. Ọba náà wàjà ní 2005. Ọmọ rẹ̀, Adéjùyìgbé, ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì ti wàjà ní 2024.

Ohun tó yani lẹ́nu ni bó ti pẹ́ tó kí ìjọba tó fi àmì sí àwọn ibi wọ̀nyí. Ìtẹ́ òkú ológun Beaufort ti wà láti 1863, ọmọ ogun dúdú pọ̀ níbẹ̀. 1989 ni wọ́n tún sin 19 síbẹ̀, ọmọ ogun ẹgbẹ́ 55th Massachusetts tí wọ́n hú egungun wọn ní Folly Island. Ní Òpópónà Newcastle, gbọ̀ngàn onípákó tí àwọn dúdú tó ti ogun bọ̀ kọ́ ní 1896 ṣì wà. Ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni ìjì òkun gbá àwọn erékùsù náà lọ, tí ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kú, ìyẹn kò sì dá wọn dúró. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn kan dá a lábàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí pé kí ìjọba àpapọ̀ ya Beaufort sọ́tọ̀ láti máa sọ ìtàn sáà Àtúntò, ìyẹn ìgbà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira ń dìbò tí wọ́n sì ń ṣòfin, àwọn àtọmọdọ́mọ ọmọ ogun Confederate ta kò ó, ó sì jókòó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó gbé ìjọba sílẹ̀, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí i. Brick Church, Darrah Hall ní Penn, Camp Saxton àti ilé panápaná àtijọ́ kan láàárín ìlú ló wà nínú rẹ̀. Ní 2019, òfin sọ ọ́ di ọgbà ìtàn ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá ni kò tíì tán. Àwọn tó ra éékà mẹ́wàá ní 1863, púpọ̀ wọn kò kọ ìwé ìhágún. Ọmọ gba ilẹ̀, ọmọ-ọmọ gbà á, títí ilẹ̀ kan fi di ti ọgọ́rin ènìyàn tó fọ́n ká sí New York, Detroit àti Philadelphia. Ilẹ̀ ẹbí ni, àwa náà mọ irú rẹ̀, àmọ́ òfin Amẹ́ríkà kò mọ olórí ẹbí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ á lọ bá ìbátan kan tí kò dé erékùsù rí, á ra ìpín rẹ̀, á sì gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà kí wọ́n lè pín owó. Bí ilẹ̀ púpọ̀ ṣe bọ́ ní erékùsù Hilton Head nìyẹn lẹ́yìn tí afárá débẹ̀ ní 1956. St. Helena kọ́gbọ́n níbẹ̀: láti 1999, òfin àgbègbè ti kà á léèwọ̀ láti kọ́ pápá gọ́ọ̀fù tàbí ilé olódi onígéètì sórí erékùsù náà, àwọn aráàlú sì tún rọ́ wá sípàdé ìgbìmọ̀ ní 2023 kí wọ́n má bàa yí i padà. Ní 2016, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin Clementa Pinckney pè, èyí tó fún àwọn ìbátan láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tó fẹ́ tà ní iye tó tọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e sórí gbàǹjo.

Owó orí ló ṣòro jù báyìí. Bí ilé olówó ti ń pọ̀ létí omi ni iye ilẹ̀ ń gòkè, tí owó orí ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbin tòmátì tó sì ń pa edé kò rí owó tó pọ̀ sí i. Lọ́dọọdún ni àgbègbè Beaufort ń ta ilẹ̀ tí a kò san owó orí rẹ̀ ní gbàǹjo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe nígbà ogun. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń dáwó kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ka orúkọ àwọn ìdílé Gullah tó wà nínú àkọsílẹ̀, wọ́n á sì bá wọn san gbèsè náà ní ilé ìjọba.